Àṣíborí Oníbojú Tí Mo Fi Ń Gun Ọ̀kadà Láàárín Àwọn Micra Ìbàdàn

Oṣù méjìdínlógún gbáko ni mo fi lo àṣíborí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà kan ní Sàngó ní oṣù tó kọjá. Mo ti lò ó nínú òjò, nínú ọyẹ́ àti nínú oòrùn oṣù kẹta, mo sì ti fi ìṣubú dán an wò bí n kò tilẹ̀ gbèrò bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo rò pé mo lè sọ ohun tó ṣe fún mi àti ohun tí kò lè ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Bajaj Boxer ni mo ń gùn, n kì í sì í fi gbé èrò. Ibi iṣẹ́ ni mo ń gbé e lọ láràárọ̀, láti Òjóò, gba iwájú Yunifásítì, kọjá sí Sàngó àti Mọ́kọ́lá títí dé Dùgbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni mo sì ń gbà padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí mọ̀ pé Micra, takisí kékeré tó ń gbé èrò nílùú wa, ló ni ín. Ibi tí èrò bá ti nawọ́ ni Micra ń dúró sí, ibi tí èrò bá ti ní “ó wà o” náà ló ń dúró sí, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ sì lè ṣí kí táyà rẹ̀ tó dúró pátápátá. Àárín irú ọkọ̀ báyìí ni ọlọ́kadà ń wá ọ̀nà gbà, bóyá ó ń gbé èrò ni o, bóyá ó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ni.

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe àṣíborí náà. Orúkọ tí wọ́n ń kọ sára irú rẹ̀ lọ́jà kò lóǹkà, ẹni tó bá sì ń wá orúkọ nìkan lè ra ayédèrú tí orúkọ náà wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Èyí tí mo rà jẹ́ irú èyí tó bo orí, etí àti àgbọ̀n pọ̀, tó ní gílàásì níwájú, tí àmì ìdánwò ECE 22.05, ìyẹn òfin àṣíborí tí àjọ UN ṣe, sì wà lára okùn rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà ni mo san lẹ́yìn tí a ti dúnàá dúnàá tí ọ̀fun mi gbẹ.

Kí n tó rà á, olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo wa mọ̀ ni mo ń lò, èyí tó jókòó sí àtàrí bíi fìlà. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ wọlé bí ike ìpara. Tìmùtìmù inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àga pálọ̀, ìkọ́ ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀ sì ti kán tipẹ́, kókó ni mo ń ta okùn náà bí ẹni ń so ewúrẹ́. Apá ni mo sì ń gbé e kọ́ jù. Tí mo bá rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń yára dé e. Tí mo bá ti kọjá wọn tán, apá náà ló ń padà sí.

Àrùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú ọlọ́kadà àti èrò láti dé àṣíborí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, ọ̀pọ̀ èrò sì takú pé àwọn kò ní gbé ohun tí orí ẹlòmíràn ti wọ̀ sórí, nítorí àwọn kò mọ ohun tí wọ́n lè ti fi sínú rẹ̀. N kì í fi àwọn tó bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí Yorùbá kì í gbé orí rẹ̀ fún àjèjì. Igbá yẹn gan-an ni a fi rẹ́rìn-ín jù, bẹ́ẹ̀ èyí tí mo ń gbé kọ́ apá ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò sàn jù ú lọ, nítorí ojú ẹ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì wà fún.

Ọ̀rọ̀ àmì tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan yẹn ló yẹ kí n dúró lé díẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè. Lọ́jọ́ tí mo lọ rajà, ọkùnrin tó ń tà á gbé mẹ́ta kalẹ̀ níwájú mi. Mo bèèrè pé èwo ni wọ́n ti dán wò nínú wọn. Ó fa páálí kékeré kan yọ lábẹ́ tábìlì, sítíkà DOT ló kún inú rẹ̀, ó sì ní, “Ọ̀gá, ẹ mú èyí tó bá wù yín, mo máa bá yín lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.” Ọkùnrin náà kò ní ètekéte kankan nínú o. Lójú tirẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ara ni sítíkà náà, bí ìgbà tí wọ́n bá lẹ òdòdó mọ́ ẹ̀yìn fóònù. DOT gidi jẹ́ àmì ti Amẹ́ríkà; ilé-iṣẹ́ tó ṣe àṣíborí ló ń fúnra rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ láti fi jẹ́rìí pé ọjà òun pójú òṣùwọ̀n, ìjọba á sì máa mú díẹ̀ lọ́jà lẹ́yìn náà láti yẹ̀ wọ́n wò. Ti ECE yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti dán irú àṣíborí náà wò, kí ìjọba orílẹ̀-èdè kan sì ti fọwọ́ sí i, kí ó tó dé ọjà, aṣọ pélébé tí wọ́n rán mọ́ okùn àgbọ̀n ni wọ́n sì ń kọ àmì rẹ̀ sí.

Lára tèmi, lẹ́tà E wà nínú òbíríkítí pẹ̀lú nọ́ńbà 3, èyí tó túmọ̀ sí pé Ítálì ló fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà gígùn kan tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05, lẹ́tà P sì wà níbẹ̀. P yìí ni kí ẹ fojú sí. Ó ń sọ pé wọ́n dán ibi àgbọ̀n rẹ̀ wò, ó sì lè gba ìyà. Tí ó bá jẹ́ J ni ẹ rí, àṣíborí náà kò ní ìdáàbòbò àgbọ̀n. Tí ó bá sì jẹ́ NP, ohun kan wà níwájú àgbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba ènìyàn sílẹ̀. Ayédèrú lè rán aṣọ pélébé mọ́ okùn náà, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ ju ti sítíkà lọ. Òfin tuntun, ECE 22.06, ti wà láti ọdún 2021, ó sì fi ìdánwò bí orí ṣe ń yí nígbà tó bá fẹ̀gbẹ́ gbá nǹkan kún ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 06, tí owó yín sì ká a, ẹ mú un.

Nígbà tí mo délé, mo yọ aṣọ inú rẹ̀ kí n lè rí ohun tí mo fowó rà. Abẹ́ ike líle tó wà lóde ni fóòmù funfun kan wà, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣàn mọ́ inú páálí, àmọ́ ó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóòmù yìí ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí orí bá gbá ilẹ̀, ike òde á pín agbára rẹ̀ káàkiri, fóòmù á sì run wọlé, ìwọ̀nba ibi tó run wọlé yẹn ni orí yóò fi rọra dúró, kí ọpọlọ má baà fi gbogbo agbára gbá agbárí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá sì ti run, kì í wú padà mọ́. Ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ECE 22.05 ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ó já lu irin pẹ̀lú eré mítà 7.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 27 ní wákàtí kan, bí ẹni pé ó já bọ́ láti ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà mẹ́ta.

Ẹnu yà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ iye yẹn, nítorí mo ti rò pé ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni wọ́n fi ń dán an wò. Mo wá ro ó dáadáa. Orí ẹni tó jókòó lórí ọ̀kadà kò ga tó mítà méjì sílẹ̀, nítorí náà bí ó bá ṣubú sí ilẹ̀ gbalasa, tí ara rẹ̀ sì ń yọ̀ lọ lórí ọ̀dà, ìgbá tí orí rẹ̀ gbá ilẹ̀ kò jìnnà sí èyí tí wọ́n dán wò, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé eré tó ń sá tẹ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi kìlómítà ọgọ́rin kọrí sí ìdí tírélà tó dúró sójú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Kò sí àṣíborí tí wọ́n dán wò fún ìyẹn.

Dídé rẹ̀ tún jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Téèpù aránṣọ ni mo fi wọn orí mi, lókè ìpéǹpéjú yí ká, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58. Ẹni tó ń tà á fẹ́ kí n mú èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ kí atẹ́gùn lè wọlé, mo sì dúpẹ́ pé n kò gbọ́ tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó fún mi lẹ́rẹ̀kẹ́ débi pé àwọn ọmọ mi ń bèèrè bóyá mo kó mọ́ín-mọ́ín sẹ́nu. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti bá ojú mi mu. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó bá yín mu, ẹ so okùn rẹ̀ le, kí ẹlòmíràn wá mú ìdí rẹ̀ láti ẹ̀yìn kí ó fà á síwájú. Tí ó bá ṣí kúrò lórí, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Òrùka irin méjì ni wọ́n fi ń so okùn tèmi. Ó ń gba àkókò díẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò tú rí. Ìyàwó mi kò lè dé e tí irun rẹ̀ bá ga, nítorí náà irun tó sùn mọ́ orí ló ń dì báyìí tó bá mọ̀ pé a ó jọ jáde, ó sì ti ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí àwọn àléébù rẹ̀. Ó wúwo. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n ẹni tó ń ta ẹja dídì ládùúgbò wa, ó jẹ́ kílò kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ọrùn sì ń mọ̀ ọ́n lára tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá bá dá ènìyàn dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Ooru inú rẹ̀ ní oṣù kejì àti ìkẹta kò ṣe é fẹnu sọ. Bí òjò bá ń rọ̀, èémí mi á bo gílàásì. Mo ń fi ọṣẹ olómi díẹ̀ nu inú gílàásì náà, mo sì ń jẹ́ kí ó gbẹ, ìyẹn ń gbà mí fún ọjọ́ méjì. Nígbà ọyẹ́ mo ṣe àṣìṣe tí mo kábàámọ̀, mo fi ọwọ́ ẹ̀wù gbígbẹ nu eruku ara rẹ̀, eruku náà sì ha gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lálẹ́ ń fọ́n sí mi lójú bí òwú tó tú. Omi ló yẹ kí n kọ́kọ́ dà sí i. Gílàásì dúdú tí ẹni tó tà á fẹ́ fi kún un fún mi ni n kò gbà ní tèmi, nítorí alẹ́ ń lé mi bá lọ́nà.

Àwọn kan sọ pé irú àṣíborí yìí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ẹ̀gbẹ́. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Òfin ECE béèrè pé kí ojú lè ríran dé dígírì 105 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń rí Micra tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dáadáa. Etí ni ó mú nǹkan kúrò lára rẹ̀. Mo ń gbọ́ fèrè, ṣùgbọ́n n kì í tètè mọ ibi tó ti ń dún wá, nígbà mìíràn mo ti yí sí òsì kí n tó mọ̀ pé ọ̀tún ni.

Ọjọ́ tí ó parí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, aago méje àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tò lọ bí ìkamùdù ní Sàngó, mo sì ń gba àlàfo tó wà láàárín wọn àti gọ́tà lọ́wọ́ ọ̀tún, n kò rò pé eré mi tó kìlómítà ọgbọ̀n. Micra kan dúró láìtan iná kankan. Mo rí ẹsẹ̀ obìnrin, bàtà aláwọ̀ ewé, kí n tó rí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ọ̀kadà mi lọ́wọ́ òsì ló kan etí ilẹ̀kùn náà, ó yí mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì fi iwájú lọ ilẹ̀. Àgbọ̀n àṣíborí ni ó kọ́kọ́ gbá etí kọnkéré gọ́tà. Ariwo rẹ̀ nínú orí mi dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọmọrí ìkòkò lu ògiri. Nígbà tí mo dìde, mo fi ahọ́n ka eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pé. Ìlà funfun kan tó gùn tó ìka àárín wà níbi àgbọ̀n àṣíborí náà, ó jìn débi pé èékánná wọ inú rẹ̀. Ibi tí ìlà yẹn wà ni ẹnu mi ì bá wà lábẹ́ olówó pọ́ọ́kú àtijọ́. Ọrùn ọwọ́ mi ni kò ní ìbòrí kankan. Ó wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó àwòrán àti ìtọ́jú rẹ̀ sì ju ìdajì owó àṣíborí lọ.

Obìnrin náà di ọwọ́ mú àyà, ó ní, “Ẹ má bínú o, bọ̀dá, mi ò rí yín rárá ni.” Awakọ̀ yọ orí láti fèrèsé, ó ní, “Ọ̀gá, kí ni ẹ̀yin náà ń wá níbẹ̀ yẹn?”

N kò lè dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ti pẹ́ láyé. Ìwádìí tí Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California gbé jáde ní 1981, lẹ́yìn tí wọ́n fúnra wọn yẹ ìjàǹbá alùpùpù 900 wò ní agbègbè Los Angeles, fi hàn pé nínú èyí tí ọkọ̀ mìíràn bá lọ́wọ́ sí, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló wáyé nítorí pé awakọ̀ já ọ̀nà gbà mọ́ alùpùpù lọ́wọ́, èyí tó sì pọ̀ jù nínú àwọn awakọ̀ náà ni kò rí alùpùpù rárá, tàbí kí wọ́n rí i nígbà tó ti pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ dúdú ni àwọ̀ àṣíborí mi. Mo mú dúdú kí ìdọ̀tí má baà tètè hàn lára rẹ̀. Ní Auckland, ní Niu Silandi, ìwádìí kan tó jáde ní 2004 rí i pé ewu ìjàǹbá tó ń ṣeni léṣe fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kéré fún àwọn tó dé àṣíborí funfun ju àwọn tó dé dúdú lọ, ó sì fi ìdá 37 kéré fún àwọn tó wọ aṣọ tó ń tàn yòò. Ìbàdàn kì í ṣe Auckland, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kan náà ni wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ níbẹ̀. Èyí ni ẹ̀sùn mi tó tóbi jù sí àṣíborí náà, èmi fúnra mi ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀.

Ìbéèrè awakọ̀ yẹn sì tún kù. Kí n tó ra àṣíborí yìí, n kì í gba àárín Micra àti gọ́tà. Ẹ̀yìn ni mo ń tò sí, mo ń mí kúlẹ́kúlẹ́, mo ń dúró de àyè. Oṣù kẹta tàbí ìkẹrin tí mo ti ń dé e ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àlàfo tí n kò rí tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ àlàfo náà kò fẹ̀ sí i, èmi ni ọkàn mi balẹ̀ jù. N kò rí ibi tí wọ́n kọ èyí sí lára páálí rẹ̀. Ẹni tó bá máa ra irú rẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé òun fẹ́ràn àti máa já láàárín ọkọ̀, kí ó yan ibi kan lọ́nà rẹ̀ tí kò ní gbà láé, ì báà dé àṣíborí, ì báà má dé e. Tèmi báyìí ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ èrò.

Ní ti owó, n kò rò pé ó wọ́n. Àkójọ ìwádìí 61 tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, gbé jáde ní 2008 sọ pé àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tí alùpùpù bá dà, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Irú rẹ̀ kan náà ni mo tún ti rà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 06, funfun báláú, mo sì lẹ téèpù tó ń kọ mànà, irú èyí tó ń wà nídìí tírélà, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ti àtijọ́ ni mẹkáníìkì mi fẹ́ rà lọ́wọ́ mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Ó ní òun á fi ọ̀dà kùn ún, òun á pa ìlà àgbọ̀n rẹ̀ rẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Òtítọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, nítorí fóòmù tó ti run kì í hàn lóde. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé okùn rẹ̀ méjèèjì lójú rẹ̀, mo sì gbé e lọ sílé. Ìyàwó mi ti bu ilẹ̀ sí i, efinrin ló gbìn sínú rẹ̀, ó sì ti ń yọ ewé láti ojú gílàásì.